Kí Àgbálùmọ̀ Aládùn Má Bàa Parẹ́: Bí A Ṣe Ń Lọ́ Igi Mọ́ Igi

Nínú ìwé ìròyìn yìí a sábà máa ń sọ̀rọ̀ lórí owó àjẹṣẹ́kù, owó yíyá, àti títà kòkó. Lọ́tẹ̀ yìí, igi kan tó wà ní ẹ̀yìnkùlé púpọ̀ nínú wa ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Igi àgbálùmọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Igi àgbálùmọ̀ kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá mi. Ẹni tó gbìn ín ti kú kí wọ́n tó bí ìyá mi. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn ọmọ àdúgbò a ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti wá ṣa èyí tó já lóru. Èso rẹ̀ tóbi, ara rẹ̀ nípọn, ó sì dùn débi pé àwọn alágbàtà máa ń wá bá ìyá mi ná an kí ó tó pọ́n. Nígbà tó yá, a fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ibẹ̀, a sì gé e. Èmi náà wà níbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ti gbin mẹ́ta nínú kóró rẹ̀ sí oko. A ní bí ìyá bá lọ, ọmọ wà.

Ọdún mọ́kànlá ni a fi dúró kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó so. Èkíní kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Èkejì kéré, kóró ló kún inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ ti ilé ìyá mi rárá. Ṣọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀ di òní, ṣùgbọ́n adùn yẹn ti lọ pátápátá.

Kí ni àṣìṣe wa? Báwo ni ẹ̀yin kò ṣe ní ṣe irú rẹ̀? Ìyẹn ni àlàyé yìí dá lé.

IRÚ IGI TÍ ÀGBÁLÙMỌ̀ JẸ́

Igi ilẹ̀ wa ni àgbálùmọ̀. Kì í ṣe igi tí a kó wá láti òkè òkun bí kòkó tàbí kajú. Àwọn Ìgbò ń pè é ní ùdárà, àwọn Haúsá ń pè é ní agwaluma. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko mọ̀ ọ́n sí jù ni Chrysophyllum albidum. Ó lè ga ju mítà 25 lọ. Òkè ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá yí ewé náà padà, ẹ ó rí i pé abẹ́ rẹ̀ ń dán bí fàdákà. Bí a bá ṣá a lọ́bẹ, oje funfun bíi wàrà ni yóò máa jáde. Láti oṣù Kejìlá títí di nǹkan bí oṣù Kẹrin ni èso rẹ̀ máa ń pọ́n. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé èso náà ní ìbú, ẹ ó rí i pé ibi tí àwọn kóró jókòó sí dàbí ìràwọ̀. Ìbátan rẹ̀ kan wà ní Jàmáíkà àti Kúbà tí inú tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Òun ni àwọn òyìnbó kọ́kọ́ ń pè ní ápù oníràwọ̀, kí wọ́n tó fi orúkọ náà pe tiwa.

Àwọn bàbá wa tó gbin kòkó mọ iyì igi yìí. Nígbà tí wọ́n ń ṣán igbó, wọ́n máa ń dá àgbálùmọ̀ sí kí ó lè ṣíji bo kòkó, kí wọ́n sì máa rí i jẹ. Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ oko kòkó tó wà lẹ́bàá ìlú ti di ilẹ̀ ìkọ́lé. Àwọn oníṣọ̀wọ́ pákó náà ń wá a, nítorí igi rẹ̀ dára fún pákó àti fún èèkù ọkọ́ àti àáké. Ẹ wo orúkọ àwọn ibi tí a fi igi sọ: Ìdí-Ìrókò, Ìdí-Àràbà, Ìdí-Ìṣin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará ibẹ̀ bóyá igi náà ṣì wà. Orúkọ kì í kú, ṣùgbọ́n igi ń kú.

KÓRÓ KÌ Í SỌ GBOGBO ÒÓTỌ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá jẹ àgbálùmọ̀ tó dùn, tí a sì gbin kóró rẹ̀, irú rẹ̀ gan-an ni yóò hù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ ènìyàn ṣe ń mú nǹkan lára bàbá tí ó sì ń mú lára ìyá, bẹ́ẹ̀ ni kóró náà rí. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ lórí òdòdó máa ń gbé eruku òdòdó láti orí igi kan lọ sí orí òmíràn. Nítorí náà, ìyá kóró nìkan ni a mọ̀, a kò mọ bàbá rẹ̀. Kóró mẹ́rin tí a yọ nínú èso kan ṣoṣo lè di igi mẹ́rin tí ìwà wọn kò jọra.

Òótọ́ ni pé kóró lè mú igi dáadáa jáde. Igi ìyá mi gan-an, láti inú kóró ló ti wá. Ṣùgbọ́n oríire ni irú èyí, a kò sì lè fi oríire ṣe ètò oko. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá gbin kóró yóò dúró fún ọdún méje, ọdún mẹ́wàá, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó mọ̀ bóyá dídùn ló gbìn tàbí kíkan. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wa kò fi gbin àgbálùmọ̀ mọ́. Bàbá gbìn ín, ọmọ ló jẹ ẹ́. Ọmọ jẹ ẹ́ tán, kò gbin òmíràn.

Ọ̀nà tó dájú láti pa adùn igi kan mọ́ ni pé kí a mú nínú ara igi náà fúnra rẹ̀, kí a sì fi sí ara ọmọ igi mìíràn. Ohun tí a ń pè ní lílọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti ka ìwé Róòmù orí kọkànlá nínú Bíbélì Yorùbá yóò ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé, níbi tí wọ́n ti sọ nípa igi ólífì. Ẹ̀ka tí a lọ́ kì í ṣe ọmọ igi ìyá; ara rẹ̀ gan-an ni. Bí ìyá bá dùn, òun náà yóò dùn. Nítorí pé ó sì ti bàlágà kí a tó gé e, kì í pẹ́ tó ti kóró kí ó tó so: láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni a máa ń retí èso àkọ́kọ́.

IGI KAN TÓ DI IGBÓ NÍ ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Kì í ṣe àgbálùmọ̀ nìkan ló ní ìṣòro yìí. Bákan náà ni ápù àwọn òyìnbó rí: kóró rẹ̀ kì í jọ ìyá rẹ̀. Ìtàn ápù kan yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa yéni yékéyéké.

Ní 1809, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Southwell, ní agbègbè Nottingham, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Ann Brailsford gbin kóró ápù sínú ìkòkò. Nígbà tó hù, wọ́n gbé e lọ sínú ọgbà ilé wọn. Èso igi náà tóbi, ó sì kan. Àwọn ará ibẹ̀ kì í fẹ́ jẹ ẹ́ ní tútù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sè é, a rọ̀ múlọ́múlọ́, a sì ta sánsán. Ní 1846, alápatà kan tó ń jẹ́ Matthew Bramley ra ilé náà. Ní 1856, Henry Merryweather, tó ń ṣòwò ọ̀gbìn, wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun gé nínú ẹ̀ka igi náà kí òun lè lọ́ ọ. Bramley gbà, bí wọ́n bá lè fi orúkọ òun pe ápù náà. Bẹ́ẹ̀ ni ápù náà ṣe ń jẹ́ Bramley títí di òní, tí ọmọbìnrin tó gbìn ín kò sì ní orúkọ níbẹ̀.

Gbogbo igi Bramley tó wà láyé, ara igi kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ìjì wó igi náà ní nǹkan bí 1900, ṣùgbọ́n ó tún yọ láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí. Nígbà tó yá, àrùn olú kan wọ inú gbòǹgbò rẹ̀. Láàárín 1990 sí 1999, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Nottingham mú díẹ̀ nínú ara rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀gbìn tuntun. Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé ikú igi ìyá kò lè pa ápù náà run mọ́, nítorí wọ́n ti pín in kiri nígbà tó ṣì wà láàyè. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún igi ìyá mi. Ọ̀bẹ kékeré kan àti ọjọ́ kan ṣoṣo kí a tó gé e ni ì bá tó.

BÍ A ṢE Ń LỌ́ ÀGBÁLÙMỌ̀

Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìmọ́tótó àti sùúrù.

1. Ẹ yan igi ìyá. Ẹ tọ́ èso rẹ̀ wò fún ọdún méjì, ó kéré tán. Ẹ wo bí ó ti dùn sí, bí ó ti tóbi sí, àti bóyá ó ń so lọ́dọọdún. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i lára kí ẹ má bàa ṣì í mú.

2. Ẹ gbin ìdí. Ìdí ni ọmọ igi tí a óò lọ́ ẹ̀ka mọ́, tí yóò pèsè gbòǹgbò. Kóró àgbálùmọ̀ èyíkéyìí ló dára fún èyí, ìbáà ṣe kíkan. Ṣùgbọ́n ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́ bí àgbàdo. Kóró yìí kì í fẹ́ gbígbẹ. Bí ó bá gbẹ, ó kú nìyẹn. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbìn ín láàárín ọjọ́ díẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú tí ẹ ti kún fún ilẹ̀ dáradára àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà. Ẹ gbé e sí abẹ́ ìbòji, ẹ máa bu omi sí i. Yóò hù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí ó dàgbà títí ara rẹ̀ yóò fi tó pẹ́ńsùlù. Ó lè gbà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

3. Ẹ gé orí. Orí ni ẹ̀ka tí a gé lára igi ìyá. Ọ̀mùnú ẹ̀ka tó le dáadáa, tí kò ní òdòdó, tí ẹnu ibi tí ewé tuntun yóò ti yọ ti ń wú, ni kí ẹ mú. Kí ó tóbi tó ìdí náà, kí ó sì gùn tó ìka ọwọ́ kan àti ààbọ̀. Ẹ gé ewé rẹ̀ kúrò, ẹ fi aṣọ tútù wé e, kí ẹ sì lò ó ní ọjọ́ náà gan-an. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára jù.

4. Ẹ so wọ́n pọ̀. Ọ̀bẹ yín gbọ́dọ̀ mú, kí ó sì mọ́. Ẹ bẹ́ ìdí náà ní ibi tó ga tó ìbú ọwọ́ méjì sílẹ̀, ẹ sì la ojú ibi tí ẹ bẹ́ sí méjì, kí ó jìn tó ìka ìlujú kan. Ẹ gbẹ́ ìsàlẹ̀ orí náà ní ìhà méjèèjì títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí ẹnu àáké. Oje funfun yóò máa ṣàn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún dáadáa, nítorí bí ó bá gbẹ sí àárín, kì í jẹ́ kí wọ́n jinná pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ki orí bọ inú ìdí. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí èèpo orí kan èèpo ìdí, ó kéré tán ní ẹ̀gbẹ́ kan. Abẹ́ èèpo ni ìyè igi wà. Bí èèpo kò bá kan èèpo, wọn kò ní jẹ́ ara kan láé.

5. Ẹ dè é, ẹ bò ó. Ẹ fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ dè é pinpin. Ẹ fi ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara bo orí náà kí ó má bàa gbẹ, kí ẹ sì so ẹnu rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ dá a padà sí abẹ́ ìbòji. Bí ewé tuntun bá yọ, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, ẹ ṣí ọ̀rá tí ẹ fi bò ó díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó bá jinná tán ni kí ẹ tó tú èyí tí ẹ fi dè é.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò yè, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ máa lọ́ ju iye tí ẹ fẹ́ lọ.

GBÍGBÌN ÀTI ÌTỌ́JÚ

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ gbé e lọ sí oko. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60, tó sì fẹ̀ bẹ́ẹ̀; ẹ da ilẹ̀ òkè àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà pọ̀ sí i. Ojú ibi tí a ti lọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà lókè ilẹ̀. Ẹ fi mítà 10 sí àárín igi kan àti èkejì. Ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ lè gbin àgbàdo, ẹ̀wà tàbí ẹ̀gẹ́ sí àárín wọn, kí ilẹ̀ má bàa wà lásán. Ẹ fi ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ẹ bu omi sí i, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Bí èhù bá yọ nísàlẹ̀ ojú ibi tí a ti lọ́ ọ, ẹ yára gé e. Ti ìdí ni, kì í ṣe ti orí; bí ẹ bá fi í sílẹ̀, yóò gba oúnjẹ mọ́ èyí tí ẹ fẹ́ lọ́wọ́, èso kíkan ni ẹ ó sì jẹ lẹ́yìn gbogbo wàhálà.

ṢÍṢÀ, TÍTÀ ÀTI JÍJẸ

Èyí tó pọ́n tó já fúnra rẹ̀ ló dùn jù. Èyí tí a bá fi ipá já kí ó tó pọ́n máa ń ní oje púpọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ni létè, òun ló sì ń ba orúkọ àgbálùmọ̀ jẹ́ lọ́jà. Ẹ máa ṣà á ní àràárọ̀. Ẹ ya èyí tó bẹ́ sọ́tọ̀ fún jíjẹ lọ́jọ́ náà. Apẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kó èyí tó dára sí, kì í ṣe àpò, nítorí nínú àpò wọn a máa fún ara wọn pa, wọn a sì máa gbóná. Kì í pẹ́ tí ó fi ń bàjẹ́, nítorí náà ẹ ti mọ ẹni tí yóò rà á kí ẹ tó kó o kúrò lóko.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ́ kò nílò ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń mu ún, tí a sì ń jẹ èèpo inú rẹ̀ títí yóò fi di gọ́ọ̀mù lẹ́nu. Fítámì C pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù nílé, ẹ lè sọ ọ́ di jáàmù. Ẹ fọ èso tó pọ́n dáadáa, ẹ là á, ẹ yọ kóró, kí ẹ sì fi ṣíbí ha inú rẹ̀ sínú ìkòkò. Ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ sè é títí yóò fi rọ̀, kí ẹ sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Gọ́ọ̀mù yóò kù sókè asẹ́. Ẹ wọn ohun tó jò sílẹ̀, kí ẹ fi ṣúgà tó ṣe déédéé rẹ̀ sí i. Ẹ gbé e padà sórí iná, ẹ máa rò ó títí yóò fi ki. Ẹ dà á sínú ìgò tí ẹ ti sè nínú omi gbígbóná, kí ẹ sì dé e pinpin. Bí oje bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tàbí ìkòkò, òróró díẹ̀ ni ẹ ó fi nù ún.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti jáde ní Nàìjíríà ní 1935, ohun tí ẹnìkan kò lè dá ṣe ni a ń para pọ̀ ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọ̀rọ̀ àgbálùmọ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹnìkan ní igi tó dùn, kò ní ilẹ̀. Ẹnìkan ní ilẹ̀, kò ní igi tó dùn. Ẹnìkan ní ọwọ́ tó mọ ọ̀bẹ lò, kò ní èkíní, kò ní èkejì. Ìmọ̀ràn wa nìyí.

Ní ìpàdé oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, kí olúkúlùkù mú èso igi ilé rẹ̀ wá. Kí ẹ tọ́ ọ wò, kí akọ̀wé sì kọ orúkọ onígi àti ibi tí igi náà wà sínú ìwé kan. Kí ẹ dá ibi ìtọ́jú ọ̀gbìn kékeré kan sílẹ̀ ní ọgbà ẹgbẹ́. Kí ẹ rán ọmọ ẹgbẹ́ méjì lọ kọ́ iṣẹ́ lílọ́ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba, tàbí kí ẹ béèrè ìmọ̀ràn ní iléeṣẹ́ ìwádìí nípa èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975 ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn.

Kí ẹ san owó díẹ̀ fún onígi ìyá lórí gbogbo ẹ̀ka tí a bá gé, kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ pe irú àgbálùmọ̀ náà. Ẹ má jẹ́ kí ohun tó ṣe Mary Ann ṣe é.

Kí ẹ gbin igi ìyá kọ̀ọ̀kan sí ibi mẹ́ta, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi ara igi kan ṣoṣo kún gbogbo oko yín, nítorí àrùn tó bá lè pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ gbin àgbálùmọ̀ láì gba àṣẹ onílẹ̀. Igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ a máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín onílẹ̀ àti ẹni tó ń dáko. Kí ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀, kí àwọn ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i, kí ẹ tó gbẹ́ ihò.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, igi ìyá mi kò lè padà wá mọ́. Ti yín ṣì wà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ gé àgbálùmọ̀ lọ́dún yìí, ìbáà ṣe fún ilé, ìbáà ṣe fún pákó, a kò ní kí ó má gé e. Ohun tí a bẹ̀ ẹ́ ni pé kí ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, kí a lè wá gé ẹ̀ka lára rẹ̀ kí àáké tó dé ìdí rẹ̀.